Má Sun Bíbélì Ìyá Ọkọ Rẹ ní Sátidé

Ìkòsì, Kétu,
Ọjọ́bọ̀, lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán.

Fọláṣadé mi, Àdùkẹ́, ọmọ tí mo bí tó ń pa fóònù mọ́ mi létí,

Mo kí ọ, mo kí Dàpọ̀ ọkọ rẹ. Àlàáfíà la wà, àfi ẹsẹ̀ Daddy rẹ tó tún ń ro ó. Èmi nìkan ni ara mi ò balẹ̀ nínú ilé yìí. Láti àárọ̀ ni mo ti ń jókòó tí mo ń dìde. Mo fọ abọ́ tó ti mọ́, mo tún un fọ̀. Daddy rẹ ní kí n lọ mu omi tútù. Kì í ṣe omi tútù ló máa tán an. Ọ̀rọ̀ ló wà nínú mi, ìwọ ló sì ni ín.

Mo pè ọ́ láàárọ̀, o ní, "Mummy, mo wà ní mítìn, màá call yín back." O pè padà lóòótọ́, n kò purọ́ mọ́ ọ. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ dárúkọ Bíbélì ni, o ní, "Mummy, ìyẹn ti settle. Mo ti bi wọ́n, wọ́n ní kò sí wàhálà." Kí n tó sọ tèmi, o ti lọ. Ìdí nìyẹn tí mo fi mú bírò. Ìwé kò ṣeé pa bíi fóònù. O lè bínú jù ú sílẹ̀, ṣùgbọ́n o ó padà wá mú un, torí mo mọ ọmọ tí mo bí. Ìyá Tọ́lá tó ń gbé nísàlẹ̀ wa, tó ń lọ síbi iṣẹ́ ní Gbàgádà lójoojúmọ́, ni yóò mú un wá bá ọ ní ọ́fíìsì lọ́la, Fúráìdé.

Ó gbọ́dọ̀ jẹ́ ọ̀la. Ọ̀túnla ni Sátidé ìmọ́tótó, tí gbogbo Èkó ń gbálẹ̀, tí ọkọ̀ kì í rìn títí di aago mẹ́wàá. Ìwọ náà lo fẹnu ara rẹ sọ fún mi pé àárọ̀ ọjọ́ náà lo máa sun Bíbélì àtijọ́ ìyá ọkọ rẹ, nígbà tí ẹ bá ń sun ìdọ̀tí ẹ̀yìnkùlé. Bí ọ̀rọ̀ mi ò bá bá ọ lọ́la, kò sí ohun tí mo lè wọ̀ dé ọ̀dọ̀ rẹ ní Sátidé kí n tó bá eérú.

Jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ èyí tó dáa. Ohun tó o ṣe fún ìyá yẹn dùn mọ́ mi nínú. Ìyàwó tuntun mélòó ló máa gba owó oṣù, tí ohun tó máa kọ́kọ́ rà á jẹ́ Bíbélì aláwọ, onísípù, tí lẹ́tà rẹ̀ gàdàgbà, fún ìyá ọkọ rẹ̀? Mo fi ọ́ yangàn nínú ìpàdé àwọn obìnrin. Mo sì rí èyí tó wà lọ́wọ́ wọn lọ́jọ́ tí wọ́n ti Ògbómọ̀ṣọ́ dé pé àwọn fẹ́ bá yín gbé díẹ̀. Èèpo ẹ̀yìn rẹ̀ ti lọ pátápátá. Okùn ni wọ́n fi so ó bí ẹni di mọ́ínmọ́ín, ewé inú rẹ̀ sì ń yọ lọ́kọ̀ọ̀kan. Èmi náà rò ó lọ́kàn mi pé ìwé yìí ti ṣiṣẹ́ tirẹ̀ tán. Ẹ̀bi rẹ kọ́ nìyẹn.

Gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀ lánàá.

Ìyá ọkọ rẹ wá kí wa, bí ìwọ náà ṣe mọ̀. Dírẹ́bà Dàpọ̀ ló já wọn sílẹ̀ níwájú ilé. A jẹun, a ṣeré, wọ́n ní ṣọ́ọ̀ṣì inú ẹ̀sítéètì yín dára, ṣùgbọ́n òyìnbó ni láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, ebi Yorùbá ń pa àwọn létí. Mo rẹ́rìn-ín. Mo ní kí wọ́n dúró kí a jọ lọ sí ẹ̀kọ́ Bíbélì ìrọ̀lẹ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì tiwa. Inú wọn dùn. Wọ́n gbé Bíbélì tuntun rẹ dání, wọ́n dì í mọ́ àyà.

Nígbà tí a débẹ̀, bàbá tó ń darí ẹ̀kọ́ fẹ́ yẹ́ àlejò sí. Ó ní kí Màmá tó bá wa wá bá wa ka Sáàmù kọkànlélọ́gọ́fà. Wọ́n dìde, wọ́n fa sípù, wọ́n ṣí ewé díẹ̀, wọ́n fi ìka lé e, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀. Ṣadé, wọ́n kà á bí ẹni ń sọ ọ̀rọ̀ inú ilé rẹ̀. Wọn ò kọsẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Gbogbo ilé ń ṣe àmín lábẹ́lẹ̀. Èmi tó jókòó tì wọ́n ni mo ṣèèṣì wo inú ìwé náà. Ìwé Jeremáyà ló ṣí sí.

Ìka wọn ń lọ lórí ìlà Jeremáyà, tó bá dé òpin ìlà á padà sí ìbẹ̀rẹ̀ òmíràn, ẹnu wọn sì ń ka Sáàmù.

O mọ̀ pé kíláàsì kìíní ni mo kọ́ títí mo fi fẹ̀yìn tì. Mo mọ ọmọ tó ń kàwé, mo sì mọ ọmọ tó ti há ìwé sórí tó kàn ń ṣí ewé. Àwọn kan wà tí wọ́n máa dorí ìwé kodò tí wọ́n á kà á láìṣì. Ọmọdé la ń bá irú ìyẹn lọ́wọ́ rẹ̀, a ó sì rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo rí i lọ́wọ́ àgbàlagbà tó bí ọkọ ọmọ mi, n ò lè rẹ́rìn-ín. Ojú tì mí bí ẹni pé èmi ni mo ń ṣe é. Mo sún mọ́ wọn kí ẹni tó wà lẹ́yìn wa má baà rí inú ìwé náà.

Nígbà tí a ń rìn bọ̀ wálé, a kọjá ilé-ẹ̀kọ́ kan. Lẹ́yìn náà ni wọ́n dúró.

"Màmá Ṣadé, ẹ rí mi."

Mo díbọ́n. Mo ní, "Mo rí yín báwo, mà?"

"Ẹ rí mi. Olùkọ́ ṣá ni yín."

Mo gba Bíbélì lọ́wọ́ wọn kí n bá wọn gbé e, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò wúwo. Ibẹ̀ ni wọ́n ti sọ fún mi. Wọ́n ti bímọ kí wọ́n tó mọ̀wé. Ilé-ẹ̀kọ́ àwọn àgbà ní ṣọ́ọ̀ṣì ni wọ́n lọ ní Ògbómọ̀ṣọ́, bàbá Dàpọ̀ ló sì ra Bíbélì yẹn fún wọn, kí Ọlọ́run tẹ́ bàbá náà sí afẹ́fẹ́ rere. Inú rẹ̀ ni wọ́n ti kọ́ ìwé kíkà. Wọn ò kọ́ òmíràn mọ́ ọn.

Wọ́n ní, "Mo mọ ibi tí ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan wà nínú rẹ̀. Èyí wà lókè, lápá òsì, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí epo kán sí. Tọ̀hún wà nísàlẹ̀, níbi tí Dàpọ̀ fi pẹ́ńsù fà jágajàga nígbà tó wà ní kékeré. Tí mo bá ti ṣí i, ibi tí mo fi ọ̀rọ̀ sí ni mo ti máa ń bá a. Nínú tuntun yìí, gbogbo wọn ló ti kó kúrò. Mo ń wo ìwé, ìwé ń wò mí."

Mo ní, "Ẹ ò ṣe wá sọ fún Ṣadé, mà?"

"Kí n wá sọ fún ọmọ tó fi owó ara rẹ̀ ra nǹkan fún mi pé n ò mọ̀ ọ́n kà? Ó bi mí pé báwo ni ká ti ṣe ti àtijọ́ sí. Mo ní bó bá ṣe wù ú ni. Ó ti bá mi tọ́jú ẹ̀ síbì kan." Wọ́n wá dì mí lọ́wọ́ mú. "Ẹ má sọ fún un o. Ẹ jọ̀ọ́. Ìtìjú àgbà burú."

Mo ní n ò ní la ẹnu mi sọ ọ́. N kò là á. Ọwọ́ ni mo fi ń kọ ọ́ yìí, Daddy rẹ sì ti sọ fún mi pé ọgbọ́n yẹn ò lè gbà mí lọ́jọ́ ìdájọ́. Màá lọ fúnra mi ṣàlàyé níbẹ̀.

Àdùkẹ́, ṣé o ti gbọ́ ọ báyìí? Ìyá yẹn rò pé o tọ́jú Bíbélì àwọn. Wọn ò mọ̀ pé inú àpò nylon dúdú tí o sọ fún mi ló wà ní ẹ̀yìn kíṣínì, pẹ̀lú páálí àti ìwé ìròyìn, tó ń dúró de ìṣáná. Ìyá tó kọ́ ìwé lẹ́yìn tó ti bímọ, ọjọ́ tí o bá sun ìwé yẹn lo ti gba ìwé kíkà lọ́wọ́ wọn. Ohun tí ara mi ò ṣe balẹ̀ nìyẹn.

Mo dìde lọ wo ìkòkò ẹ̀wà. Mo ti padà. Jẹ́ kí n to ìmọ̀ràn mi bí mo ṣe lè tò ó.

Èkínní. Nígbà tí àgbà bá sọ fún ọ pé "bó bá ṣe wù ọ́", má lọ ṣe é. Ọmọ Yorùbá ni ọ́, kì í ṣe èmi ló yẹ kí n máa kọ́ ọ ní èyí. "Bó bá ṣe wù ọ́" kì í ṣe bẹ́ẹ̀ ni. Ó túmọ̀ sí pé n kò fẹ́, ṣùgbọ́n n kò fẹ́ bá ọ jà, wò mí lójú kí o sì fi òye gbé e. Nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ délé ọkọ níbí, igi ewúro kan wà lẹ́yìnkùlé tó ń dí ibi tí mo fẹ́ máa sá aṣọ. Mo bi ìyá Daddy rẹ bóyá kí n gé e. Wọ́n ní, "Bó bá ṣe wù ọ́, ìyàwó." Inú mi dùn, mo gba àdá, mo gé e dé gbòǹgbò. Láti ọjọ́ náà ni ìyá yẹn ti ń ra ewúro ní ọjà Mile 12, ọ̀nà tí wọ́n sì máa gbé e gbà kò sí ibòmíràn àfi iwájú mi. Wọn ò bú mi. Wọ́n á kàn kí mi pé, "Ìyàwó, o kú iṣẹ́ aṣọ sísá." Ó pẹ́ kí n tó jẹ ọbẹ̀ ewúro tó lọ lọ́nà ọ̀fun mi.

Àwọn àgbà ní ààbọ̀ ọ̀rọ̀ là ń sọ fún ọmọlúwàbí, tó bá dé inú rẹ̀ á di odindi. Ààbọ̀ ni ìyá ọkọ rẹ sọ fún ọ. Ìwọ lo wá sọ ọ́ di odindi tó wù ọ́. Ojú lọ̀rọ̀ wà, ọmọ mi. Nígbà tí wọ́n ń dá ọ lóhùn, ṣé ojú wọn lò ń wò ni, àbí ò ń wá kọ́kọ́rọ́ mọ́tò nínú báàgì? Mo mọ̀ ọ́. Èmi lo jọ, a kì í lè jókòó kí ọ̀rọ̀ parí.

Èkejì. Bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. O ti gbọ́ òwe yìí títí ó ti sú ọ, ṣùgbọ́n fetí sí i lẹ́ẹ̀kan sí i. O lè ra Bíbélì tuntun mẹ́wàá fún wọn. O ò lè ra èyí tí epo ti kán sí níbi tí wọ́n mọ̀. Nílé ọkọ rẹ yẹn, ọ̀pọ̀ nǹkan ló wà tó jọ àkísà lójú rẹ. Béèrè lẹ́ẹ̀mejì kí o tó gbé ọwọ́ lé e. Tí o bá ti béèrè lẹ́ẹ̀kejì, àgbà máa mọ̀ pé òótọ́ lò ń béèrè, wọ́n á wá sọ ti inú wọn.

Ẹ̀kẹta ni ti Bíbélì tó ti gbó fúnra rẹ̀, torí mo mọ̀ pé o ó fẹ́ bá mi jiyàn. O ó ní, "Mummy, ṣé kí n wá máa kó ìwé jíjá jọ sílé ni?" Rárá. Daddy rẹ ṣe ìyẹn. Nígbà tó ń tọ́jú ẹrù ṣọ́ọ̀ṣì, ó ní kò sí Bíbélì kankan tí a óò sọ nù lójú òun. Gbogbo èyí tó ti já ló kó sínú páálí tó fi sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì wa. Ikán ò béèrè bóyá ìwé mímọ́ ni. Wọ́n jẹ ẹ́ láti Jẹ́nẹ́sísì lọ, nígbà tí wọ́n sì jẹ ẹ́ tán wọ́n bọ́ sí ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀dì. Ọjọ́ tí bẹ́ẹ̀dì wó mọ́ Daddy rẹ la tó mọ̀. Tí o bá rí i tó ń rẹ́rìn-ín sí ọ̀rọ̀ yìí, bi í léèrè bó ṣe dìde nílẹ̀ lọ́jọ́ náà.

Èmi ní tèmi, mo kó ìwé àtijọ́ fún ẹni tó ń ra bébà káàkiri, n ò wo inú rẹ̀. Kò pẹ́, mo ra ẹ̀pà ní bọ́sítọ́ọ̀bù Kétu, mo tú bébà tí wọ́n fi pọ́n ọn, ìwé Òwe ni, iyọ̀ ti rin ín. N ò mọ̀ bóyá tèmi ni tàbí ti ẹlòmíràn. Mo jẹ ẹ̀pà náà, n kò ní purọ́, ṣùgbọ́n bébà yẹn ò ṣeé jù sílẹ̀. Inú báàgì mi ló wà títí ó fi kúnná. Nítorí náà, má kó o fún ẹni tó ń ra bébà, má jù ú sínú gọ́tà, má sì kó o pamọ́ fún ikán.

Ohun tí ó yẹ kí a ṣe nìyí. Kọ́kọ́ wò ó bóyá ó ṣeé tún ṣe. Ọkùnrin kan wà ní Alápẹ̀rẹ̀ tó ń rán ìwé, Daddy rẹ mọ ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Abẹ́rẹ́, òwú, páálí àti sítáàsì ni iṣẹ́ rẹ̀, ìwé tó bá sì rán kì í tún yọ. Kí o kìlọ̀ fún un o: kó má gé etí rẹ̀ kó lè dọ́gba, kó má sì pa àbàwọ́n kankan rẹ́. Bí epo ṣe kán sí i ni kó jẹ́ kó wà. Bí ọjọ́ kan bá wá dé tí kò ṣeé rán mọ́, tí ẹni tó ni ín sì fi ẹnu ara rẹ̀ sọ pé ó tó gẹ́ẹ́, ẹ gbẹ́ ilẹ̀ níbi tó mọ́, kí ẹ sin ín. Tàbí kí ẹ sun ún lóun nìkan, kí ẹ dúró tì í títí tí yóò fi di eérú, kí ẹ bo eérú náà mọ́lẹ̀. Kì í ṣe pẹ̀lú ìpẹ́ ẹja àti páálí súgà.

Má rò pé mò ń fi Ọlọ́run dẹ́rù bà ọ́. Ọlọ́run ò ní bínú. Bébà ni bébà, wọ́n ń tẹ òmíràn lójoojúmọ́, ọ̀rọ̀ Rẹ̀ kì í jóná. Ènìyàn ni mò ń bẹ̀rù fún. Ìyá yẹn máa wà nínú yàrá wọn ní Sátidé, òórùn èéfín á máa wọlé, wọn ò sì ní mọ ohun tó ń jó. Tí wọ́n bá wá mọ̀ lọ́jọ́ kan, wọn ò ní sọ fún ọ. Wọ́n á dákẹ́, wọ́n á máa gbé Bíbélì onísípù lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n á máa fi ìka tọ Jeremáyà. Lẹ́yìn oṣù díẹ̀ wọ́n á ní àárò ilé ń sọ àwọn, àwọn fẹ́ padà sí Ògbómọ̀ṣọ́. Ìwọ àti Dàpọ̀ á máa bi ara yín pé kí lẹ ṣe. Ìbínú àgbà tó pariwo ṣeé bẹ̀. Èyí tó dákẹ́ ni n ò mọ ẹni tó lè bẹ̀ ẹ́.

N ò mọ èkelòó la dé mọ́. Tí o bá délé, má lọ kúnlẹ̀ máa sunkún, má sọ pé mo kọ ìwé sí ọ, wọ́n á mọ̀ pé mo dalẹ̀. Mú Bíbélì náà, nu ara rẹ̀, gbé e lé orí bẹ́ẹ̀dì wọn. Kí o wá sọ pé, "Mummy, n ò mọ Yorùbá kà dáadáa. Ẹ máa ka ti àtijọ́ fún mi nírọ̀lẹ́, èmi á máa wò ó nínú tuntun." Irọ́ kọ́ ni, o mọ̀ bí àmì ohùn ṣe ń pa ọ́ láyò. Bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀yin méjèèjì á ṣe kọ́ ọ, láìsí pé ojú ti ẹnikẹ́ni.

Fúráìdé, àárọ̀. Ìyá Tọ́lá ti wà lẹ́nu géètì, ó ní ọkọ̀ ń lọ. Ẹ̀rù tó ń bà mí láti àná ni mo fẹ́ sọ tán kí n tó fún un: bóyá o ò tiẹ̀ dúró de Sátidé. Mo mọ ìkánjú rẹ.

Má ka ìwé yìí lẹ́ẹ̀kejì kí o tó dìde. Pe ọmọ ọ̀dọ̀ rẹ nísinsìnyí, kó gbé àpò yẹn wọlé. Bó bá ti jóná, má pè mí, n ò fẹ́ gbọ́ ọ lórí fóònù. Lọ bá ìyá ọkọ rẹ, kí o sọ òótọ́ fún wọn lójúkojú, kí o jẹ́ kí wọ́n bínú. Bí wọ́n bá bínú tán, ní kí wọ́n ka Sáàmù tí wọ́n mọ̀. Ṣí tuntun síbi tí ó wà gan-an, di ìka wọn mú, kí o máa gbé e lé ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan bí wọ́n ṣe ń pè é. Lọ́la, kí ẹ tún un ṣe. Má dìde níbẹ̀.

Èmi ni,
ìyá rẹ tí kò tíì jókòó.